Sẹ́ńsọ̀ Atẹ́gùn Ọkọ̀: Kóńgò Tí Wọ́n Ń Yí Ìdí Rẹ̀

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí owó ìrànwọ́ orí epo kúrò, líta kan tí à ń rà ní nǹkan bíi 185 náírà l'Ékòó di 488 kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń wọlé tọ̀ mí wá ní Muṣin léraléra: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ohun kan wà téèyàn lè ṣe sí sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn tí ọkọ̀ ò fi ní máa mu epo bí ẹni ń mu omi. Ẹ bá mi ṣe é." Ẹlòmíì ti ṣe é níbòmíì kó tó dé. Ohun tó bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ló gbé wá.

Mi ò bú ẹni tó béèrè. Owó epo ń dun gbogbo wa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rìwáyà ni mò ń ṣe, mo sì ti rí ẹ́ńjìnnì tí ọ̀rọ̀ yìí pa. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tú u palẹ̀ fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ rí.

Inú ẹ́ńjìnnì ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Epo nìkan kì í jó, atẹ́gùn ló ń bá a jó. Kílò epo bẹntiróòlù kan ń fẹ́ kílò atẹ́gùn 14.7 kí méjèèjì tó jó tán, kí ọ̀kankan má ṣẹ́ kù. Líta epo kan kò tó kílò kan, nǹkan bíi gíráàmù 750 ni, nítorí náà atẹ́gùn tí líta epo kan ń fẹ́ tó kílò 11. Ẹni bá gbọ́ kílò 11 lè rò pé kò tó nǹkan. Ẹ wo táǹkì omi oní líta 1,000 tó wà lórí òpó lẹ́yìnkùlé yín. Atẹ́gùn tó kún irú táǹkì bẹ́ẹ̀ mẹ́sàn-án, tó tún lé díẹ̀, ni ẹ́ńjìnnì ń fà wọlé kó tó lè jó líta epo kan ṣoṣo. Atẹ́gùn ni ọkọ̀ ń mu jù. Epo kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Bí ògì ni kí ẹ wo àdàpọ̀ náà. Tí epo bá pọ̀ jù, ó ki. Tí atẹ́gùn bá pọ̀ jù, ó ṣàn. Èyí tó ki ń yọ èéfín dúdú, ó ń fi èédú bo púlọ́ọ̀gì, ó sì ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri ibi tí písítìn ti ń lọ tó ń bọ̀. Èyí tó ṣàn ń jó gbóná, ọkọ̀ á máa fà tìkọ̀tìkọ̀, iná ẹ́ńjìnnì á sì lè máa bú gbàù kí àsìkò rẹ̀ tó tó.

Láyé Volkswagen ìjàpá tí wọ́n ń tò ní ojú ọ̀nà Badagry láti 1975, kabúrétọ̀ ló ń po méjèèjì pọ̀. Sùkúrúù kékeré kan wà lára rẹ̀. Mẹkáníìkì á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, á yí sùkúrúù náà díẹ̀ sápá ọ̀tún, díẹ̀ sápá òsì, títí ohùn rẹ̀ á fi dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́, orí ẹ́ńjìnnì yẹn ni ọwọ́ wọn ti yọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni èrò pé a lè "dín epo kù" láti ibì kan ti wá. Nínú ọkọ̀ òde òní, kò sí sùkúrúù yẹn mọ́. Brainbox, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló ń pàṣẹ fún nọ́súlù iye epo tí yóò tú, kò sì rí atẹ́gùn fúnra rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn, ohun kékeré tó ń wọn atẹ́gùn tó ń wọlé, ló ń sọ fún un. Òun ni àwa oníṣẹ́ ń pè ní airflow.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Corolla tàbí Camry tòkunbọ̀ tó ní airflow. Láti ilé fílítà, rọ́bà ńlá dúdú kan ń lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Kété tí atẹ́gùn bá jáde lára fílítà ni ẹ máa rí ohun kékeré kan tí wọ́n fi sùkúrúù méjì dè mọ́lẹ̀, tí wáyà márùn-ún wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun nìyẹn. Tí ẹ bá yọ ọ́, tí ẹ yọjú wo inú ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀, wáyà kan wà níbẹ̀, tín-ín-rín bí irun. Iná mànàmáná ló ń mú wáyà náà gbóná ju atẹ́gùn tó ń kọjá lọ. Atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ kó lè tutù, bí a ṣe ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, iná sì ń dáná sí i kí gbígbóná rẹ̀ má yẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ṣe pọ̀ sí i ni iná tó ń gbà yóò ṣe pọ̀ sí i. Iye iná yẹn ni brainbox ń kà, tó wá ń túmọ̀ sí gíráàmù atẹ́gùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì oní líta 1.8 sí 2.4, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, máa ń ka nǹkan bíi gíráàmù méjì sí mẹ́rin.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń sọnù nìyí. Sẹ́ńsọ̀ yìí kì í wọn gbogbo atẹ́gùn. Díẹ̀ ló ń gba inú ihò rẹ̀ kọjá, ìyókù ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ bí ẹnu páìpù tó gbé e dúró ṣe fẹ̀ tó, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú brainbox pé: tí sẹ́ńsọ̀ bá sọ báyìí, atẹ́gùn tó kọjá jẹ́ báyìí. Gbogbo wa mọ kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gààrí lọ́jà. Ẹni tó ń ka kóńgò kì í tún yẹ inú rẹ̀ wò, "ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta" ló ń kà. Tí ẹnìkan bá ti lu ìdí kóńgò náà wọnú, tàbí tó fà á gùn sí i, kíkà kò yí padà, gààrí ló yí padà. Páìpù àti sẹ́ńsọ̀ ni kóńgò tí brainbox ń kà. Ẹni tó bá yí wọn padà láìsọ fún brainbox ti fi kóńgò mìíràn sí i lọ́wọ́ láìjẹ́ kó mọ̀.

Ní ọdún tó kọjá, àǹtí kan tó ń ta láàsì ní Balógun gbé Camry 2005 rẹ̀ wá, ẹ́ńjìnnì 2.4. Ṣómólú ló ń gbé. Tó bá ti ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹrù nínú búùtù, tó fẹ́ gùnkè láti Adéníji Adélé bọ́ sórí afárá Third Mainland, ọkọ̀ á máa fà á lẹ́sẹ̀. Tó bá tẹ iná mọ́lẹ̀ (ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré), á gbọ́ ìró kan nínú ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Check engine náà ti tàn.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ilé fílítà rẹ̀ ti lọ. Páìpù irin tó ń dán ló wà níbẹ̀, fílítà onírìísí òkòtó sì wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n jó ìjókòó kékeré kan mọ́ páìpù náà, wọ́n de sẹ́ńsọ̀ mọ́ ọn.

"Bọ̀dá, ẹni tó bá mi fi sí i ní ọkọ̀ á máa mí dáadáa, epo á sì dínkù."

"Ó ń mí lóòótọ́, Àǹtí. Ẹni tó ń ka èémí rẹ̀ ló ń ṣì í kà."

Mo ní kí ó gbé ilé fílítà tirẹ̀ jáde. Ọlọ́run ṣe é, ó wà nínú búùtù. Ẹnu ibi tí sẹ́ńsọ̀ ń jókòó sí fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 70. Ti páìpù tuntun jẹ́ 80. Ẹ má wò ó pé mìlímítà mẹ́wàá péré ni, nítorí fífẹ̀ ẹnu páìpù kì í lọ bí ìwọ̀n ìbú rẹ̀. 70 lọ́nà 70 jẹ́ 4,900. 80 lọ́nà 80 jẹ́ 6,400. Àyè tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ti fi 30% pọ̀ sí i. Atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì ń fà kò yí padà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà fẹ̀, ó rọra ń rìn kọjá lára wáyà náà. Nínú gíráàmù 100 tó kọjá, nǹkan bíi 77 ni sẹ́ńsọ̀ rí. Brainbox tú epo tó yẹ fún 77, ó rò pé òun ti ṣe dáadáa. Tí kò bá sí ẹni tó tún un ṣe, 14.7 yẹn ti di 19. Ògì yẹn ti ṣàn.

Wọ́n máa ń sọ pé, "Ẹ ò rí i pé epo ti dínkù?" Kò tíì dínkù o, nítorí sẹ́ńsọ̀ mìíràn wà lára ẹ̀gúsọ́ọ̀sì tó ń tọ́ èéfín wò lẹ́yìn tí ohun gbogbo ti jó tán. Aṣọ́nà ni. Tí èéfín bá fi hàn pé epo kéré, á ké sí brainbox, brainbox á fi epo kún un, kò ní dúró títí yóò fi padà sí 14.7. Epo tí wọ́n rò pé àwọn yọ, ó ti dá a padà kí ọkọ̀ tó jáde ní àdúgbò. Tí mo bá so ẹ̀rọ síkáànì mọ́ ọkọ̀, mo máa rí iye tó ń fi kún un. Àwa ń pè é ní fuel trim. Tí ó bá wà láàárín òdo sí 10%, ìbáà jẹ́ fífikún tàbí yíyọkúrò, kò sí wàhálà. Ti àǹtí yìí, èyí tí brainbox ti há sórí láti ọjọ́ pípẹ́ jẹ́ 22% ní fífikún, ti ojú ẹsẹ̀ tún jẹ́ 8%. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 30%. Ẹ rántí iye tí ẹnu páìpù fi pọ̀ sí i. Nọ́ḿbà méjèèjì bára mu bí ọmọ ìyá kan náà. Kóòdù tó sì gbé jáde ni P0171, tó ń sọ pé àdàpọ̀ ti ṣàn kọjá ohun tí òun lè máa dá tún ṣe.

Nígbà náà kí ló ń dún bí òkúta nínú agolo? Aṣọ́nà ẹ̀gúsọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Tí ẹ bá tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá, bí ẹni ń gùnkè pẹ̀lú ẹrù, brainbox kì í tẹ́tí sí i mọ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń fẹ́ kí àdàpọ̀ ki nígbà yẹn, bíi 12.5, kí epo tó lé lè mú inú ẹ́ńjìnnì tutù. Ohun tó há sórí tẹ́lẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ ní wákàtí tó nílò rẹ̀ jù. Èyí tó tún burú jù, tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀, ni pé kì í ṣe epo nìkan ni sẹ́ńsọ̀ yìí ń pín. Òun náà ni brainbox fi ń mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ru ẹrù tó, kó tó yan àsìkò tí púlọ́ọ̀gì yóò ṣáná. Nígbà tó gbọ́ pé atẹ́gùn kéré, ó rò pé ẹrù fúyẹ́, ó sì jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì tètè ṣáná ju bó ṣe yẹ lọ. Àdàpọ̀ tó ṣàn, iná tó tètè dé, ẹrù láàsì nínú búùtù: ohun tó ń dún nìyẹn. Ó ń lu orí písítìn láti òkè nígbà tí písítìn ṣì ń gòkè bọ̀. Mo ti rí písítìn tí ihò lu lórí nítorí èyí, tó dà bí ẹni fi èékánná gbẹ́ ọṣẹ.

Tí ẹnu páìpù bá sì kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òdìkejì ló máa ṣẹlẹ̀: sẹ́ńsọ̀ á ka atẹ́gùn lé, àdàpọ̀ á ki, trim á máa yọ epo kúrò, P0172 á sì jáde. Epo tí kò rí atẹ́gùn bá a jó á lọ máa jó nínú catalyst, ohun tó ń fọ èéfín lára ẹ̀gúsọ́ọ̀sì, títí catalyst náà á fi yọ́ tí á sì dí.

Oríṣi àtúnṣe kejì tí wọ́n ń tà ni ohun kékeré aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń pè ní chip, tí wọ́n ń kì bọ ẹnu wáyà sẹ́ńsọ̀ yìí. Mo ti tú mélòó kan. Resistor kan ṣoṣo, ohun kékeré tó ń dín iná mànàmáná kù, ló máa ń wà nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù. Nínú wáyà márùn-ún yẹn, méjì jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ kékeré tó ń wo bí atẹ́gùn ṣe gbóná tó, resistor náà sì máa ń purọ́ fún brainbox pé atẹ́gùn tutù bí ti orí òkè yìnyín. Nínú Toyota tó ní airflow, irọ́ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ kan epo, nítorí wáyà gbígbóná ti wọn atẹ́gùn fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Honda, bíi Civic 2003, kò ní airflow. Agbára ìfà inú ẹ́ńjìnnì àti gbígbóná atẹ́gùn ni wọ́n fi ń ṣírò. Atẹ́gùn tútù máa ń wúwo ju èyí tó gbóná lọ, nítorí náà tí brainbox bá gbọ́ pé ó tutù, epo ló máa fi kún un. Ẹni tó ra chip kí epo lè dínkù ti fowó ra èyí tó ń fi epo kún un.

Kì í ṣe gbogbo ìyípadà kóńgò ló ń ti ọwọ́ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é wá. Fílítà tí wọ́n máa ń fi ọ́ìlì pa, tí ọ́ìlì rẹ̀ bá pọ̀ jù, ọ́ìlì á fẹ́ lọ bo wáyà náà, eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, wáyà á dà bí ẹni tó wọ ẹ̀wù: atẹ́gùn ń fẹ́, kò tètè mọ̀ ọ́n. Rọ́bà dúdú tó ti ya lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé láìgba ẹnu ọ̀nà. Èyí rọrùn láti dá mọ̀: trim á ga nígbà tí ọkọ̀ dúró, á sì wálẹ̀ tí ẹ bá tẹ iná títí ẹ́ńjìnnì á fi máa yí ní ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí atẹ́gùn tó ń jí wọlé kò tó nǹkan mọ́ lára èyí tó pọ̀. Tí ó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń tẹ iná ni trim ń ga sí i, sẹ́ńsọ̀ tó dọ̀tí ni kí ẹ fura sí, tàbí pọ́ǹpù epo tó ti rẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ ọjà náà wà níbẹ̀. Ní ọjà Ládípọ̀, ẹ lè rí mẹ́ta tó jọra bí ìbẹta, ẹnu wọn wọ wáyà yín geerege, ṣùgbọ́n kíkà wọn yàtọ̀. Nọ́ḿbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí ẹ fi wé ti àtijọ́, kì í ṣe ojú lásán.

Tó bá jẹ́ pé ó kàn dọ̀tí ni, ó ṣeé fọ̀. Èròjà afẹ́sára kan wà tí wọ́n ṣe fún un. Ẹ fún un sí wáyà náà láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó tan iná sí i. Ẹ má fi òwú kàn án, ẹ má fi epo fọ̀ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó fi ẹ̀rọ atẹ́gùn táyà fẹ́ ẹ. Mo ti rí èyí tó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìfẹ́ kan péré ni, wáyà tín-ín-rín yẹn já.

Ẹni tó bá fẹ́ páìpù ńlá lóòótọ́, bí àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré, kò burú. Ṣùgbọ́n wọ́n á tún ohun tí wọ́n kọ sínú brainbox kọ, kó mọ̀ pé kóńgò ti yàtọ̀, wọ́n á sì fi sẹ́ńsọ̀ èéfín tó ń rí jìnnà wo àdàpọ̀ náà ní gbogbo ìpele títẹ iná. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì mẹ́ta ni, owó rẹ̀ kò kéré.

Ní ti ẹni tó kàn fẹ́ kí epo dínkù, ohun kan wà tí mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, airflow kọ́. Thermostat ni, ìlẹ̀kùn kékeré tó máa ń dí omi ìtutù títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì l'Ékòó ló máa ń yọ ọ́ dànù pé ọkọ̀ ò ní gbóná mọ́. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì lè máa rìn tutù, pàápàá lórí afárá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, brainbox á rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, á sì máa tú epo àárọ̀ títí di alẹ́. Ti Camry yìí yẹ kó máa ṣí ní nǹkan bíi 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà tí mo wo ti àǹtí, kò sí níbẹ̀ rárá.

Mo dá ilé fílítà rẹ̀ padà, mo ra thermostat sí i, mo fọ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, mo sì pa ohun tó ti há sórí brainbox rẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Kí n tó ṣe é, ó ń ka gíráàmù 2.1 nígbà tí ọkọ̀ dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ó ka 2.7. Mo ní kí ó máa gbé e lọ sí Balógun fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó sì padà wá.

Ó padà wá lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú ẹrù nínú búùtù. Ó ní òun ti tẹ iná mọ́lẹ̀ ní Adéníji Adélé, òun pa rédíò kí òun lè gbọ́ ìró náà, òun ò gbọ́ nǹkan kan. Mo so síkáànì mọ́ ọn: 3%.